Nọ́ńbà Tí Hezekiah Nù Kúrò

Ọwọ́ Hezekiah kì í gbọ̀n. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á síṣẹ́ nìyẹn, òun náà ló sì fi ń jẹun títí di òní.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn dé Ìdó-Òkè, ìlú rẹ̀ nílẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Iṣẹ́ wọn ni láti máa hú ohun tí àwọn ará àtijọ́ fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe gbé ayé. Òkè Ìdàrọ́ ni wọ́n wá wà, òkè tí àwọn ará ìgbà kan ti ń yọ́ irin, tí ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí irin tí iná yọ́, sì kún ibẹ̀ di òní. Wọ́n ń wá lébìrà. Hezekiah ti fi ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, kò sì ríṣẹ́ kankan ṣe, ló bá gba ọkọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ́ rẹ̀ kan ohun kan tí kò dún bí òkúta. Ó ju ọkọ́ nù, ó fi ọwọ́ hó ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ẹwìrì ni, ọ̀pá amọ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú iná àwọn alágbẹ̀dẹ, ipa ìka mẹ́ta ẹni tó mọ ọ́n sì wà lára rẹ̀ gbọọrọ. Hezekiah ki ìka tirẹ̀ bọ inú ipa náà. Ó bá a mu.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá àwọn awalẹ̀pìtàn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti di olóògbé báyìí, rí i tó ń fi igi kọ orúkọ sórí iyanrìn. Ó fún un ní gègé tíntín àti tàdáwà dúdú, ó ní kó kọ nọ́ńbà sára àpáàdì kan. Hezekiah kọ ọ́. Nọ́ńbà náà kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, kò sì sí èyí tó wọ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbé ọkọ́ fún un mọ́.

Nọ́ńbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Àpáàdì kì í sọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti hú u láìkọ ibẹ̀ sí i lára, ó di ohun tí wọ́n ń gbá dànù. Wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sá a síbi tí oòrùn kò dé, wọn á fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ kun inú rẹ̀ díẹ̀, wọn á kọ nọ́ńbà lé e, wọn á tún fi kútẹ́ẹ̀sì bò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa sọ fún un pé, "Hezekiah, ìkòkò tó bá sọ nọ́ńbà nù, ọmọ tó sọ ilé nù ni." Hezekiah mọ ọ̀rọ̀ yìí sórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò mọ̀ ọ́n.

Ó tẹ̀lé wọn dé Abuja. Lébìrà ni fún ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba kan gbà á wọlé pátápátá. Wọ́n fi í sí sítọ́ọ̀, yàrá gígùn kan tó ní páánù lórí àti pẹpẹ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Yàrá méjì ló háyà sí Nyanya. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti máa ń wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ìgboro, àpò rẹ̀ lórí itan. Ìyàwó rẹ̀ kú síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ṣìmí, sì dàgbà síbẹ̀. Hezekiah di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta láìtíì ṣi nọ́ńbà kan kọ.

Láníyì ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, kò tíì pé ọdún márùnlélọ́gbọ̀n, ìlú òyìnbó ló sì ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kejì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó fi ẹ̀rọ ìgbàlódé mú iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Èrò rẹ̀ ni áàpù kan lórí fóònù: èèyàn á tẹ orúkọ ìlú, ohun tí wọ́n hú níbẹ̀ á jáde, onítọ̀hún á sì fi ìka yí i po bí ẹni tó gbé e dání, á wo ìdí rẹ̀, á wo inú rẹ̀. Èrò náà dára. Ọmọ iléèwé kan ní Kuje tí kò lówó ọkọ̀ dé ìgboro yóò lè wo ìkòkò tí ọ̀pọ̀ mínísítà kò rí rí. Bí èrò náà bá jẹ́ ti òmùgọ̀ ni, kì bá tí dunni tó bẹ́ẹ̀.

Àwòrán ọgọ́rin ni kámẹ́rà ń yà lára ìkòkò kan kó tó lè yí po. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé àkọ́kọ́ sí iwájú kámẹ́rà, Láníyì pe Hezekiah.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan." Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Kí nìyí? Ó dà bí ìgbẹ́ aáyán nínú ìkòkò."

"Ọ̀gá, nọ́ńbà rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ni. Ta ló fẹ́ wo nọ́ńbà? Ìkòkò làwọn èèyàn fẹ́ wò. Ẹ bá wa nù ún kúrò."

"Kí n nù ún kẹ̀?"

"Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, Bàbá! Fẹ́rànmí ti tẹ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀." Àgùnbánirọ̀ ni Fẹ́rànmí, ìyẹn ọmọbìnrin tó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan ní ilé iṣẹ́ wọn. "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ máa fàmì sí wọn lára bí màlúù ọjà Dei-Dei ni?"

Àwọn tó wà ní yàrá náà rẹ́rìn-ín. Hezekiah náà rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kó ní kí Láníyì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ ìjọba ti kọ́ ọ pé àṣẹ tí kò bá sí nínú ìwé, ẹni tó mú un ṣẹ ló ni ín. Kò béèrè. Ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì, Láníyì ló sì ń buwọ́ lu fáìlì rẹ̀. Ó tún wà níbẹ̀ pé Láníyì máa ń pè é ní "Bàbá wa" lójú àlejò, Hezekiah sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ra òwú àti asítọ́ònù, omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò, lọ́wọ́ obìnrin tó ń tún èékánná ṣe ní ẹnu ọ̀nà Nyanya. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi nu igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n níbẹ̀ náà.

Wọ́n ṣí áàpù náà pẹ̀lú ayẹyẹ ráńpẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ṣìmí jókòó lórí àga pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ọmọ Abuja ni, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

"Dádì, ẹ wá wo fílẹ́èjì yín!"

Ó ti tẹ Ìdó-Òkè. Àwo kékeré kan jáde, pupa, ikùn rẹ̀ yípo, aláǹgbá kan lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó gbé orí sókè. Ṣìmí ń fi ìka yí i. "Ó fáìn gan-an o! Dádì, ẹ ò sọ fún mi pé àwọn èèyàn yín mọ nǹkan ṣe báyìí."

Hezekiah gba fóònù náà. Òun ló kọ nọ́ńbà àwo yẹn ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kì í ṣe Ìdó-Òkè ni wọ́n ti hú u. Ẹ̀yìn Kuje ni, níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà gba inú abúlé àwọn Gbagyi kan. Ó tẹ orúkọ abúlé náà. Ẹnu ẹwìrì ló jáde, tòun ti ipa ìka mẹ́ta lára rẹ̀. Ó tẹ ìlú mìíràn, ó tún tẹ òmíràn. Kò sí ẹyọ kan tó wà nílé ara rẹ̀.

"Dádì, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan," ni Hezekiah wí. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó rí ibi tí nǹkan ti wọ́. Fẹ́rànmí to orúkọ àwọn ìlú ní a-b-d kó lè rọrùn láti wá. Ìlà orúkọ ìlú àti ti nọ́ńbà nìkan ló tò. Ìlà àwọn ohun tí wọ́n hú kò kúrò níbi tó wà. Àwọn ìlú ṣí, àwọn ìkòkò dúró, bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín. Fẹ́rànmí ti sin ìlú tán, ó ti padà sílé. Rẹ́jísítà àtijọ́ kò sì lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí nọ́ńbà àti ìlú ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "àfọ́kù ìkòkò" tàbí "àwo kékeré" ní ìlà lẹ́yìn ìlà. Ara ìkòkò nìkan ni èèyàn ti lè mọ èyí tó jẹ́ èwo. Hezekiah ti nu ara ìkòkò.

Ó lọ bá Láníyì. Láníyì gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹni mélòó ló ti mọ̀?"

"Èmi nìkan, ọ̀gá."

"Ẹgbàá mẹ́fà èèyàn ló ti ṣí áàpù yìí. Àwọn ọ̀gá àgbà ti kọ lẹ́tà ìyìn sí wa." Ó tún jókòó. "Ṣé ẹ rántí ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá?"

"Bí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, màá mọ bí ọgọ́sàn-án."

"Ìrántí kì í ṣe ẹ̀rí, Bàbá. Ta ló sì nu nọ́ńbà?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n..."

"Ìwé dà?"

Hezekiah wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì.

"Mi ò halẹ̀ mọ́ yín o," ni Láníyì wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ẹ̀yin ni kúẹ́rì àkọ́kọ́ máa bá. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná."

Hezekiah padà sí sítọ́ọ̀. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Á di ojú, á fọwọ́ pa ètè wọn, ìdí wọn, ibi tí wọ́n ti sán, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi rántí. Nígbà náà ni á kọ ọ́ sílẹ̀: èyí wá láti ibí, ọdún báyìí. Láàárín oṣù kan ó ti kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè ṣe é. Bó bá kú, tàbí bó bá fẹ̀yìn tì láìsọ ọ́, ó parí.

Ìgbà yẹn ni Saeed wá. Ọmọ abúlé ẹ̀yìn Kuje yẹn ni, ó ń ru sìmẹ́ńtì ní ọjà Dei-Dei. Ibi ìdáná ìyá ìyá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti hú àwo aláǹgbá náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí katakata wó ilé wọn. Arúgbó náà ti bu omi fún Hezekiah mu lọ́jọ́ náà. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì ṣèlérí fún un pé bí ọ̀nà tilẹ̀ gba ilé rẹ̀, orúkọ abúlé rẹ̀ kò ní kúrò lára àwo yẹn láéláé.

"Sannu, Baba," ni Saeed kí i ní ẹnu géètì. Hausa ni wọ́n jọ ń sọ. Ó na fóònù sí i. "Mo tẹ orúkọ wa, páìpù fífọ́ ni mo rí. Kaka mi, ìyá ìyá mi, ní kí n wá bi yín. Àwo òun dà?"

"Àṣìṣe ni, Saeed. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe."

"Nígbà wo, Baba? Kò ríran dáadáa mọ́. Ó fẹ́ kí n yí i han òun kó tó di pé kò ní í lè rí i mọ́."

"Fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì."

"Yauwa. Mo gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́."

Kò sí ẹni tó fipá mú Hezekiah ṣe ìlérí yẹn.

Ìròyìn àwo aláǹgbá náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ìdó-Òkè tó wà ní Abuja. Alága wọn, Titus, tó ti jẹ́ ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù rí, ti tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà, ó gbé e sókè orí gbogbo àwòrán àwọn olóyè. Ọba ìlú ti ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n sí oríta àbáwọlé, kó ga ju ilé alájà kan lọ. Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n pe ìpàdé sí kíláàsì iléèwé kan ní Nyanya láti ta kàlẹ́ńdà náà. Láníyì wá gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún áàpù, kí ohun kọ̀ọ̀kan lè ní ẹni tó ń sọ ìtàn rẹ̀.

Hezekiah gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú àpò agbádá. Ó ti pinnu pé ibẹ̀ lòun ti máa sọ ọ́, lójú gbogbo èèyàn, níbi tí Láníyì kò ti ní lè tilẹ̀kùn.

"Okun, gbogbo ilé o!" ni Titus fi kí wọn, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé.

"Okun!"

"Ẹ wo ọkùnrin yìí!" Ó nawọ́ sí Hezekiah. "Ó jókòó lórí ìṣúra ìlú láti ọjọ́ yìí bí adìyẹ orí ẹyin! Ọdọọdún là ń bi í pé kí lò ń ṣe ní Abuja, á ní òun ń kọ nọ́ńbà. Àṣé ọlá àwọn bàbá wa ló ń kó pamọ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ fi í joyè!" Ẹlòmíràn dáhùn pé, "Olóyè Àpáàdì!" Ẹ̀rín sọ.

Màmá Beatrice kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyá rẹ̀ sì ti mọ ìkòkò tà ní Ìdó-Òkè títí ó fi kú. Ó gbé kàlẹ́ńdà náà súnmọ́ ojú, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó tún un fi sójú.

"Aláǹgbá?" ni ó wí. "Ní ilé wa? Èmi ò rí aláǹgbá lára ìkòkò ìyá mi rí. Okùn là ń yí mọ́ ara tiwa, kó lè fi ipa sílẹ̀."

"Màmá, ti àtijọ́ lèyí," ni Titus dáhùn. "Kí wọ́n tó bí ìyá yín."

"Mo gbọ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni mò ń bi." Ó kọjú sí Hezekiah. "Hezekiah, àbúrò mi. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé tiwa ni?"

Kíláàsì náà dákẹ́. Iná pupa kékeré tàn lára kámẹ́rà. Láníyì kò tilẹ̀ ṣẹ́jú sí i. Kò sẹ́ni tó di Hezekiah lẹ́nu. Obìnrin kan tó mọ ìkòkò ti ṣílẹ̀kùn fún un pátápátá, ohun tó kù kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: kì í ṣe. Ó wo Titus, ó wo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kàlẹ́ńdà tí wọ́n dì lókùn lórí tábìlì. Ó ronú kan kúẹ́rì, ó ronú kan oyè tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òtítọ́ ibẹ̀ sì ni pé kò tíì sí ìgbà kan tí gbogbo ará ìlú rẹ̀ dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí òun yóò sọ.

"Tiwa ni," ló wí.

Wọ́n hó yèè. Titus ní kó sọ bó ṣe hú u. Hezekiah sì sọ ọ́. Ó ní ọjọ́ kẹta ni. Ó ní ọkọ́ òun kan ohun kan tí kò dún bí òkúta, òun ju ọkọ́ nù, òun fi ọwọ́ hó ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, òun sì rí ipa ìka ẹni tó mọ ọ́n, òun ki ìka òun bọ̀ ọ́, ó bá a mu. Omi bọ́ lójú àwọn kan. Kò sí irọ́ kankan nínú ìtàn náà, àfi ohun tó ń sọ ọ́ lé lórí.

Màmá Beatrice ká kàlẹ́ńdà rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Bí ìwọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ajé, fídíò náà ti wà lábẹ́ àwo aláǹgbá nínú áàpù. Láníyì pe Hezekiah, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní wàhálà ti parí: ìrántí kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹni tó hú nǹkan tó sì jẹ́rìí sí i lójú èrò, ìyẹn ni ẹ̀rí, òun sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì. Ó ní kó wá máa sọ ti àwọn tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà nínú áàpù. Hezekiah mọ ohun tí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn túmọ̀ sí. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò wúlò mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá mú un jáde, ohùn Hezekiah fúnra rẹ̀ ni wọn á fi já a nírọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Saeed dé sí géètì ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní irun rẹ̀. Kò sọ pé sannu.

"Ọmọ Yorùbá kan ní Dei-Dei túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín fún mi. Ó ní ẹ sọ pé ìlú yín lẹ ti hú u."

Hezekiah jáde síta, ó pa géètì dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Baba, mo wà níbẹ̀. Ẹ gbé e jáde kúrò nínú eérú ìdáná wa. Ẹ fi hàn mí. Ẹ ní kí n wo aláǹgbá."

"Saeed," ni Hezekiah wí, ó sì wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Àwo pọ̀ láyé. Wọ́n máa ń jọra."

Ọkùnrin tó fi ọdún méjìdínlógójì yà wọ́n sọ́tọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Kai, Baba," ni Saeed wí. Kò pariwo. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ ṣì kù, ó wá yí padà, ó sì gba ojú títì lọ.

Hezekiah wọlé. Láníyì ti tan iná kámẹ́rà sílẹ̀, ó ti gbé àga fún un. Ó jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ọ̀gá," ló wí, "èwo ló kàn?"